Ẹ Bá Wa Gbé Alhaji

Ní Òpópó Ajélànwá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́ kò nílò aago, kò sì nílò àkùkọ. Bútà ni yóò gbọ́. Kí Lèmọ́mù Salahudeen tó dúró síwájú láti kírun àsùbá, àwọn èèyàn á ti jókòó sórí pèpéle sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́nu mọ́ṣáláṣí, wọ́n á máa da omi sọ́wọ́, wọ́n á máa da omi sẹ́sẹ̀, bútà á máa kan bútà. Lójú fèrèsé ilé tó wà lódìkejì, Ìyá Sùnà Àdíját, tí í ṣe olórí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí náà, á ti mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, á máa kà wọ́n.

"Ẹni kan. Ẹni méjì. Bàbá Kàsímù rèé, ẹni mẹ́ta."

Ẹ má pè é ní olófòófó o. Ọkọ rẹ̀ ló ni pèpéle yẹn. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Alhaji Jíbrílù, tó ta mílíìkì àti ṣúgà ní Òkè Àrin fún ọgbọ̀n ọdún, ti jáde láyé. Ìyá Sùnà sì fi pèpéle náà ṣe sàdáká járíyà fún un, ìyẹn sàárà tí láádá rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró bí ẹni tó ni ín tilẹ̀ ti wà ní sàréè. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ṣì ń ṣe àlùwàlá níbẹ̀, láádá ń wọlé fún Alhaji. Òkúta mábù funfun tó gbé orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri lókè pèpéle, orúkọ yẹn kan náà ni wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ sára bútà rọ́bà méjìlá. Bí Ìyá Sùnà bá ti ka èèyàn mẹ́rìndínlógún láàárọ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Alhaji, ẹ ti jẹun àárọ̀ nìyẹn," á wá lọ wá tirẹ̀ jẹ.

Alhaji sì fẹ́ràn oúnjẹ àárọ̀ nígbà ayé rẹ̀, ẹ ò lè sọ pé kò fẹ́ràn ẹ̀. Ó tóbi débi pé bó bá jókòó sórí àga ní ṣọ́ọ̀bù, kì í lè dá dìde. Bó bá fẹ́ lọ sílé, Ìyá Sùnà á yọjú síta, á kígbe pé, "Ẹ bá wa gbé Alhaji o!" Àwọn aládùúgbò ọjà á sáré wá, méjì á dì í lápá ọ̀tún, méjì á dì í lápá òsì, òun fúnra rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín láàárín wọn pé, "Ẹ rọra o, ẹ má fà mí já." Gbogbo Òkè Àrin àti Òpópó Ajélànwá ló mọ igbe yẹn. Láti ìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó tún ké e mọ́, Ìyá Sùnà kì í sì í fẹ́ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá.

Òjò ló wá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láyé àtijọ́, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ìwà òjò bí ẹní mọ ìwà àna rẹ̀. Ó mọ ìgbà tó ń bọ̀, ó mọ ìgbà tó ń lọ, ó sì mọ bí yóò ṣe gbà á lálejò. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún 1993, òjò ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Ó lè rọ̀ ní Fẹ́búárì nígbà tí èèyàn sá aṣọ, kó wá fi ilẹ̀ sílẹ̀ gbẹrẹfu lóṣù Méè, kó tún padà wá rọ ti oṣù méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tó bá sì ti rọ̀ báyẹn, gọ́tà Òpópó Ajélànwá kì í gbà á. Omi á wọ ilé kéwú lápá ìsàlẹ̀ òpópó, á wọ ṣọ́ọ̀ṣì Pásítọ̀ Jóṣúà lápá òkè, á sì wọ yàrá gbogbo ẹni tó wà láàárín láì bi í ní ẹ̀sìn tó ń ṣe.

Tíṣà Kọ́lápọ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní jọ́gíráfì, tó sì ń kọrin baàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló kọ́kọ́ pe àwọn aṣáájú ẹ̀sìn méjèèjì jọ sí pálọ̀ Pásítọ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn pé èéfín tí ọmọ aráyé ń tú sókè ti bo ayé bí ìgbà tí wọ́n da kúbùsù bo èèyàn lọ́sàn-án gangan, pé ayé ń móoru sí i, òkun ń ga sí i, òjò kò sì mọ àsìkò ẹ̀ mọ́.

Lèmọ́mù Salahudeen gbọ́ ọ tán, ó bi í pé, "Tíṣà, ta gan-an ló ń dá iná ọ̀hún?"

"Gbogbo wa ni, Ààfáà. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lọ́nà jíjìn ló ń kó igi síná jù. Àwa tá a wà létí ọ̀sà lomi ẹ̀ á kọ́kọ́ mù."

"Kí la wá fẹ́ ṣe sí i?" Ìyá Ìjọ Ìbídùn ló bi í. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń ta òwú ìránṣọ, òun ni olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti Ìyá Sùnà sì jọ ti ń bá ara wọn ṣàwàdà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àwọn méjèèjì níyàwó wọ òpópó náà lọ́dún kan náà.

"A ò lè dá òkun dúró, Mà," Tíṣà dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń bọ̀ wá bá kò yẹ kó tún dí ọ̀nà tí omi máa gbà jáde. Ẹ jẹ́ ká la gọ́tà, ká gbin igi tó máa fún wa níbòji. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù."

"Tíṣà, ilẹ̀ tútù ti pọ̀ tó fún wa o, jọ̀ọ́," Ìyá Sùnà ní. Gbogbo wọ́n bú sẹ́rìn-ín, kọmítì sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tíṣà fún un ní orúkọ òyìnbó gígùn kan tí kò sẹ́ni tó lè pè é parí. Àwọn ará òpópó kàn ń pè é ní Kọmítì Gọ́tà.

Àdúrà ló kọ́kọ́ fẹ́ pa Kọmítì Gọ́tà. Bí Lèmọ́mù bá fi àdúrà ìṣẹ́jú márùn-ún ṣí ìpàdé, Pásítọ̀ á fi ti mẹ́wàá parí ẹ̀. Bó bá di ìpàdé tó tẹ̀ lé e tí Pásítọ̀ ló máa ṣí i, á ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Lèmọ́mù á sì gbé ogún dé. Ìgbà tó yá, àdúrà nìkan ni wọ́n ń rí ṣe, gọ́tà ń dúró dè wọ́n níta. Ìyá Ìjọ ló gbé aago onídíńgi ńlá kan wá láti ilé ẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ láàárín tábìlì, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, Ọlọ́run ti mọ àdírẹ́sì wa. Ìṣẹ́jú méjì-méjì." Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan rọgbọ.

Àfi bó ṣe di pé wọ́n ń pín iṣẹ́. Pásítọ̀ ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì òun mọ́ fínnífínní, pé ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ni gọ́tà ti dí. Lèmọ́mù ní iwájú mọ́ṣáláṣí òun dà bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, pé kí wọ́n lọ wo ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn, títí Ìyá Sùnà fi dìde, tó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ẹ gbọ́ ná," ó ní. "Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bá a bá ní kí kálukú gbálẹ̀ iwájú ẹ̀, kálukú á máa purọ́ fún ara ẹ̀ ni. Kí àwa mùsùlùmí lọ la gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ̀yin ọmọlẹ́yìn Jésù wá la ti mọ́ṣáláṣí. Ohunkóhun tẹ́nì kejì bá sì rí tó ní ó gbọ́dọ̀ kúrò, ó gbọ́dọ̀ kúrò nìyẹn. Kò gbọdọ̀ sí àwíjàre, kò gbọdọ̀ sí 'ẹ jọ̀ọ́'."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Tíṣà kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, Lèmọ́mù àti Pásítọ̀ fọwọ́ sí i. Bí Ìyá Sùnà ṣe ń lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ń yan bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Épírì ni wọ́n kọ́kọ́ jáde. Ẹ rántí pé ọjọ́ sánítéṣọ̀n ni, títí di aago mẹ́wàá kò sí ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ rìn nígboro. Àwọn mùsùlùmí kó ṣọ́bìrì àti dígà, ó di iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi kan nǹkan. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà òjò, ẹrẹ̀ máa ń ba ẹsẹ̀ àwọn ìyàwó tó ń bọ̀ wá ṣègbéyàwó jẹ́. Nítorí náà ṣọ́ọ̀ṣì ti da sìmẹ́ńtì ńlá kan bo gọ́tà lẹ́nu ọ̀nà wọn, kí ìyàwó lè rìn wọlé bí ayaba. Abẹ́ sìmẹ́ńtì yẹn ti dí fọ́nfọ́n. Ọ̀rá dúdú, pòròpórò ìrèké, ewé móínmóín àti bàtà ìyàwó kan ṣoṣo, funfun tẹ́lẹ̀ rí, ni wọ́n fà jáde ní etí rẹ̀.

Ìyá Sùnà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. "Pásítọ̀! Ṣé ìyàwó yín kan ló wọlé lẹ́sẹ̀ kan ni? Ó gbọ́dọ̀ kúrò!"

Pásítọ̀ Jóṣúà họrí. Ó ní bóyá kí wọ́n dúró díẹ̀, pé ìgbéyàwó méjì ń bọ̀ lóṣù Méè.

"Kò sí àwíjàre," Ìyá Sùnà ní. "Tíṣà, ẹ ka ìwé yẹn fún wọn." Tíṣà kà á. Ìyá Ìjọ fúnra ẹ̀ ló pe Dáfídì bíríkìlà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó lágbára bíi màlúù, pé kó gbé òòlù wá. Kó tó di aago mẹ́wàá, afárá ìyàwó ti di wóró-wóró, àwọn ìyàwó oṣù Méè sì gbé aṣọ wọn sókè dé orúnkún wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí oṣù Méè ń parí lọ, ó kan ìhà mọ́ṣáláṣí. Àwọn onígbàgbọ́ kó irinṣẹ́ wọn wá, Ìyá Sùnà sì ti gbé omi dídì àti búrẹ́dì jáde fún wọn. Dáfídì ti ọ̀pá irin gígùn kan bọ abẹ́ pèpéle Alhaji. Ó tì í, kò lọ. Ó dojúbolẹ̀, ó wojú ihò, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé èjìká.

"Páìpù kékeré kan ló wà ńbí o!" ó kígbe. "Kò ju ọrùn ọwọ́ mi lọ. Gbogbo gọ́tà òpópó yìí ló ń gba inú páìpù kan ṣoṣo kọjá! Pèpéle yìí ló dí wa!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọ́n wo òkúta mábù lára ògiri, wọ́n wá wo Ìyá Sùnà.

Ìyá Sùnà rántí kíá. Nígbà tí Alhaji kú, ó fẹ́ kí pèpéle náà ti parí kó tó di fidáù ogójì ọjọ́, kí Lèmọ́mù lè kéde rẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí, kí wọ́n sì ṣàdúrà lé e lórí. Bíríkìlà ìgbà yẹn sọ fún un pé ó yẹ kí òun kọ́kọ́ fi búlọ́ọ̀kù gbé e sókè kí gọ́tà lè ráyè kọjá, pé yóò gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ogójì ọjọ́ pé. "Fi páìpù sí i," ni òun fẹnu ara òun sọ. Bíríkìlà fi páìpù sí i. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó, ẹnu Ìyá Sùnà sì ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì báyìí.

Tíṣà ṣí ìwé ìpàdé. Kò kà á. Ó kàn ṣí i, ó sì tún pa á dé.

"Orí ń fọ́ mi," Ìyá Sùnà ní. "Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín o, ẹni tó bá fọwọ́ kan pèpéle yẹn, Alhaji ló fọwọ́ kàn nínú sàréè." Ó kó omi dídì àti búrẹ́dì rẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ dùn ún, mi ò ní tàn yín jẹ. Bí wọ́n bá fọ́ pèpéle, láádá á dá. Kí ló kù tó lè ṣe fún Alhaji mọ́? Kò lè se ẹ̀wà fún un, kò lè bá a nu òógùn, kò lè yọjú síta pe àwọn èèyàn kí wọ́n wá gbé e. Bútà yẹn nìkan ló kù. Wọ́n ṣe ìpàdé, kò lọ. Wọ́n ṣe òmíràn, ó ránṣẹ́ pé orí ṣì ń fọ́ òun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń kùn pé wọ́n ti fọ́ tàwọn, kí ló dé tí wọn ò fọ́ ti mọ́ṣáláṣí. Lèmọ́mù Salahudeen kò fẹ́ fi tipátipá gba nǹkan lọ́wọ́ opó, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe sùúrù. Ní gbogbo àárọ̀, bí òjò ti ń rọ̀, Ìyá Sùnà á jókòó sójú fèrèsé, á máa ka àwọn tó ń wọ mọ́ṣáláṣí lábẹ́ agboòrùn. Mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rìnlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé kan láàárín oṣù Júùnù, òjò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán, kò sì dá títí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú fi mọ́. Omi ga dé orúnkún. Ìyá Sùnà ń fi abọ́ gbọ́n omi jáde ní pálọ̀ nígbà tó gbọ́ tí ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn. Ìyá Ìjọ Ìbídùn ló dúró síta, ó ká aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sókè, ó ru báàfù ńlá kan.

"Ẹ kú omi o, Ìyá Sùnà. Ẹ sọ báàfù yìí kalẹ̀ fún mi. Alhaji wá ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí."

"Alhaji wo?"

Ìyá Ìjọ fi ọwọ́ hàn án. Bútà rọ́bà ló kún inú báàfù, orúkọ Alhaji Jíbrílù wà lára wọn pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Omi tí kò rí ọ̀nà gbà lọ lábẹ́ pèpéle ti gbá wọn, ó ti gbé wọn padà sókè òpópó, wọ́n sì ti léfòó wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú pẹpẹ.

"Mẹ́sàn-án rèé," Ìyá Ìjọ ní. "Mẹ́ta ṣì wà níwájú níbẹ̀. Pásítọ̀ ní ká fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbọ́ ìwàásù tán."

Ìyá Sùnà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó sapá gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún bú jáde lẹ́nu ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́, ó di Ìyá Ìjọ mú kó má baà ṣubú sínú omi. "Alhaji tí kì í jí lọ́jọ́ Àìkú!" ó ní. "Ẹ̀yin lẹ wá rí i mú!"

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n jókòó sójú fèrèsé. Ìyá Ìjọ kò dárúkọ pèpéle rárá. Òdìkejì ni wọ́n ń wò, níbi tí Bàbá Kàsímù, àgbàlagbà tó ti kọjá ọgọ́rin ọdún, jókòó sí bákónì rẹ̀ lókè, tó ń fi kọ́ọ̀bù kékeré kan ṣe àlùwàlá.

"Bàbá!" Ìyá Sùnà pè é. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, omi lé yín sílé lónìí. Òjò ti dá, omi á fà láìpẹ́. Ẹ ó padà sórí pèpéle lọ́la, àbí?"

Bàbá Kàsímù fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Ọmọ mi, pèpéle Alhaji dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n omi gọ́tà ló ń sùn lórí ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ta ni yóò jókòó sínú ẹ̀gbin, kó ní òun ń wẹra fún ìrun? Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wa ti ń ṣe àlùwàlá nílé ká tó wá."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa. A ò kàn fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ ni, ká má baà bà ẹ́ nínú jẹ́."

Ìyá Sùnà yíjú sí báàfù bútà. Ó wá yé e pé àwọn tó ń wọlé lábẹ́ agboòrùn ni òun ń kà, pé òun kò tẹ́tí sílẹ̀ fún bútà. Nígbà wo gan-an ni òun gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, tí bútà kan bútà? Kò rántí.

"Ìyá Ìjọ," ó ní, "láti oṣù méjì, Alhaji mi ò tíì jẹun àárọ̀. Ààwẹ̀ ni mo fi wọ́n sí, èmi ni mo sì ń sọ fún wọn pé wọ́n ti yó." Ó sunkún wàyí, ẹkún gidi.

Ìyá Ìjọ gbá a mọ́ra. Ó jẹ́ kó sun ún dáadáa. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó tó, ó tó. Bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ bá Lèmọ́mù."

Lèmọ́mù Salahudeen wà nínú ilé kéwú, ó ń sá àwọn wàláà ọmọdé tó ti rin gbingbin. Ìyá Sùnà kò tilẹ̀ kí i dáadáa kó tó bi í. "Ààfáà, bí mo bá jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ, ṣé láádá Alhaji á dá?"

Lèmọ́mù gbé wàláà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ìyá Sùnà, kí ni Ànọ́bì wa wí? Ẹni tó bá mú ohun tó ń ni èèyàn lára kúrò lójú ọ̀nà, sàárà ló ṣe. Ẹni tó bá gbin igi, tí èèyàn tàbí ẹyẹ jẹ nínú ẹ̀, sàárà ló ṣe. Ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti ní kí onítọ̀hún jẹ́ mùsùlùmí kó tó lè gba ọ̀nà náà kọjá." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ̀ ń tilẹ̀kùn mọ́ wa."

Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Júùnù, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe Ìyá Sùnà. Òun ló kọ́kọ́ dé. Ó ti so ìró rẹ̀ mọ́dìí gírígírí, ó gba òòlù lọ́wọ́ Dáfídì, ó ní òun ni òun máa kọ́kọ́ lù ú. Ó ṣe bísímílà, ó gbé òòlù sókè pẹ̀lú gbogbo agbára, ó lù ú. Ohun tó bọ́ kúrò lára pèpéle kò ju awẹ́ obì kan lọ.

"Ẹ ṣeun, Mà," Dáfídì ní pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ ti ṣe èyí tó le jù. Ẹ jẹ́ kí n parí ìyókù."

Nígbà tí pèpéle fọ́, ohun tó jáde lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹrẹ̀ ọdún mẹ́ta wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀, agolo mílíìkì sì pọ̀ níbẹ̀ bíi yanrìn. Ìyá Sùnà fi ẹsẹ̀ yí ọ̀kan nínú wọn padà. "Alhaji," ó ní, "ọjà yín náà wà nínú ẹjọ́ yìí o." Lẹ́yìn náà, omi tó ti dúró láti òkè òpópó mì díẹ̀, ó yí po, ó sì gbéra. Ó ń lọ. Àwọn onígbàgbọ́ ké Halelúyà, àwọn mùsùlùmí ké Alihamudulilai, Tíṣà Kọ́lápọ̀ sì ń sáré tẹ̀ lé omi náà lọ sápá ọ̀sà bí ẹni ń sin àlejò.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ kún ọwọ́ wọn. Dáfídì mọ pèpéle tuntun fún àlùwàlá sára ògiri mọ́ṣáláṣí gan-an, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, jìnnà sí gọ́tà, wọ́n sì fi òkúta mábù sí àyè rẹ̀. Wọ́n gbin igi frúùtù méjì: Lèmọ́mù gbin ti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Pásítọ̀ gbin ti iwájú mọ́ṣáláṣí, títí dòní ni wọ́n sì ń jiyàn lórí èyí tó ń yára dàgbà. Fún ọ̀nà àbáwọlé, Dáfídì da sìmẹ́ńtì méjì tó nípọn, tó ní ìdìmú irin lára, ọ̀kan fún àwọn ìyàwó, ọ̀kan fún àwọn tó ń bọ̀ wá kírun. Òfin kọmítì ni pé ní gbogbo Sátidé sánítéṣọ̀n, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí méjèèjì, kí wọ́n kó ìdọ̀tí abẹ́ wọn, kí wọ́n tún gbé wọn padà.

Sátidé tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe é, Ìyá Sùnà wà lójú fèrèsé, ó ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Ó ti ka mẹ́tàdínlógún láàárọ̀ yẹn, pẹ̀lú etí àti ojú. Ó ń wo Dáfídì àti Tíṣà Kọ́lápọ̀ bí wọ́n ṣe di ìdìmú irin mú lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Wọ́n fà á. Kò mì. Wọ́n tutọ́ sọ́wọ́, wọ́n tún fà á.

"Irú kí lèyí?" Tíṣà ní. "Ó wúwo bí Alhaji Jíbrílù!"

Dáfídì nà dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó kígbe sí gbogbo òpópó. "Ẹ bá wa gbé Alhaji o!"

Ìyá Sùnà gbé àkàrà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Wọ́n ń sáré bọ̀. Àwọn ọkùnrin jáde láti mọ́ṣáláṣí, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì jáde láti ìhà kejì, Pásítọ̀ ká ọwọ́ agbádá rẹ̀, Lèmọ́mù bọ́ bàtà. Mẹ́ta dì í lápá ọ̀tún, mẹ́ta dì í lápá òsì, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n kó ìdọ̀tí abẹ́ rẹ̀ tán, wọ́n tún gbé e padà, wọ́n wá dúró, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkùnrin akọrin kan nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Ọlọ́run á kẹ́ Alhaji fún wa o," ó ní.

"Àmín," ni gbogbo wọ́n wí, ti òkè òpópó àti ti ìsàlẹ̀, títí kan àwọn tí kò mọ Alhaji rí.

Ìyá Sùnà mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó fẹ́ ka àmín yẹn. Kò lè kà á. Ó pọ̀ jù, ó sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tó jẹ́ ti mùsùlùmí, kò mọ èyí tó jẹ́ ti onígbàgbọ́. Ó gbé tẹ̀sùbáà kalẹ̀. Láti òpópó ni Dáfídì ti ní ó wọ́ díẹ̀, pé kí wọ́n tún un gbé dáadáa, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá Sùnà yọrí síta láti ojú fèrèsé, ó nu ojú rẹ̀, ó sì kígbe sí wọn, "Ẹ rọra o! Ẹ má fà wọ́n já!"